Ìbò Gómìnà Tí Olùdíje Pọ̀ Sí: Ìdáhùn sí Ìbéèrè Ìyá Aláṣọ Kan ní Gbági

“Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Aṣọ ni mo ń tà ní Gbági Tuntun nílùú Ìbàdàn níbí. Àwọn tó ń jáde pé àwọn fẹ́ ṣe gómìnà ti pọ̀ débi pé orí ń dà mí rú. Ẹnì kan wà nínú wọn tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ wọ̀ mí lọ́kàn, àmọ́ ọkọ mi ní ẹgbẹ́ rẹ̀ kéré, pé bí mo bá dìbò fún un, mo kàn fi ìbò ṣòfò ni. Ọmọ mi tó wà ní yunifásítì ní kí n dìbò fún ẹni tó wù mí, kí n má dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Ẹgbẹ́ ọlọ́jà wa náà ti ṣèpàdé, wọ́n ní ibì kan náà ni gbogbo wa máa tẹ̀ka sí, àti pé àwọn á mọ ẹni tí kò bá tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni kí n ṣe é? Ṣé dandan sì ni kí n fi ìbò ti ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin fún ẹgbẹ́ tí mo bá dì fún gómìnà?”

Ìyá wa, ẹ kú ọrọ̀ ajé o, ọjà á tà. Ọ̀rọ̀ tí ẹ kọ yìí dà bí ìbéèrè kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú rẹ̀ ju ẹyọ kan lọ. Ẹ ti mọ ẹni tó wù yín, ẹ sì ti sọ ọ́. Ohun tó ń dà yín láàmú ni bóyá ẹni náà ló yẹ kí ẹ dìbò fún, nígbà tó jọ pé agbára rẹ̀ kò ká ìdíje náà. Àárín ohun tó wu ènìyàn àti ohun tó ṣeé ṣe ni ẹ wà, ọkọ yín dúró lápá kan, ọmọ yín dúró lápá kejì, àwọn méjèèjì sì ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu. N kò ní dárúkọ olùdíje kankan fún yín pé òun ni kí ẹ mú, nítorí ẹ̀yin lẹ ni ìbò yín. Ṣùgbọ́n mo ti ṣe aṣojú ẹgbẹ́ rí ní ibùdó ìdìbò, mo sì ti jókòó nínú yàrá tí wọ́n ti ń ṣàkójọ èsì ní wọ́ọ̀dù àti ní ìjọba ìbílẹ̀, nítorí náà mo lè ṣàlàyé bí nǹkan ṣe ń lọ níbẹ̀, kí ẹ lè fi òṣùwọ̀n tó dájú wọn ọ̀rọ̀ náà fúnra yín.

Ohun kan wà tó yẹ ká kọ́kọ́ tú. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ẹni tí yóò di gómìnà gbọ́dọ̀ ní ju ìdajì gbogbo ìbò lọ. Òfin kò sọ bẹ́ẹ̀. Abala 179 nínú ìwé òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999 sọ pé ẹni tí ìbò rẹ̀ bá pọ̀ jù lọ ló wọlé, bí ó bá ti rí ó kéré tán ìdá kan nínú mẹ́rin ìbò tí wọ́n dì ní ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn ìjọba ìbílẹ̀ ìpínlẹ̀ náà. Ìdí nìyí tí ènìyàn fi lè di gómìnà nígbà tí àwọn tí kò dìbò fún un pọ̀ ju àwọn tó dì fún un lọ. Ojú wa ló ṣe ní Ọ̀yọ́ níbí. Lọ́dún 2011, Olóògbé Abíọ́lá Ajímọ̀bí ti ACN wọlé pẹ̀lú ìbò 420,852. Olóògbé Adébáyọ̀ Àlàó-Akálà ti PDP, tó wà lórí àléfà nígbà náà, ní 387,132, Rashidi Ládọjà ti Accord, tí a ń pè ní Kábíyèsí Olúbàdàn lónìí, sì ní 275,773. Bí ẹ bá ro ìbò ẹni kejì àti ẹni kẹta pọ̀, ó lé ní 660,000, síbẹ̀ ẹni kìn-ín-ní ni wọ́n búra fún. Ní 2015, ìdíje náà tún kún ju tàtẹ̀yìnwá lọ, nítorí àwọn márùn-ún tí orúkọ wọn rinlẹ̀ ló jáde lábẹ́ ẹgbẹ́ márùn-ún ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: Ajímọ̀bí ní APC, Ládọjà ní Accord, Àlàó-Akálà ní Labour, Teslim Fọlárìn ní PDP, Ṣèyí Mákindé ní SDP. Ìbò 327,310 ni Ajímọ̀bí fi wọlé lọ́tẹ̀ yẹn, Ládọjà tó tẹ̀ lé e ní 254,520. Ẹ wò ó dáadáa: ìbò gómìnà fi ohun tó lé ní 90,000 dín sí ti ọdún mẹ́rin ṣáájú, ó sì tún wọlé. Bí olùdíje bá ṣe ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni iye ìbò tó lè gbé ènìyàn wọlé ń kéré sí i, bẹ́ẹ̀ náà ni ìbò ẹyọ kan ń wúwo sí i. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ fún yín pé ìdíje ti kún jù, pé ìbò yín kò já mọ́ nǹkan, òdì ọ̀rọ̀ náà ló mú.

Apá kejì òfin yẹn, ìyẹn ti ìjọba ìbílẹ̀, ni àwa ará Ìbàdàn máa ń gbàgbé. Ìjọba ìbílẹ̀ 33 ló wà ní ìpínlẹ̀ wa, ìdá méjì nínú mẹ́ta rẹ̀ sì jẹ́ 22. Mọ́kànlá ni ti Ìbàdàn, márùn-ún nínú ìgboro àti mẹ́fà lẹ́yìn odi. Òkè-Ògùn ní mẹ́wàá, Ògbómọ̀ṣọ́ ní márùn-ún, Ọ̀yọ́ ní mẹ́rin, Ìbàràpá ní mẹ́ta. Ẹni tó bá kó gbogbo Ìbàdàn pátá láìku ẹnì kan, ó ṣì gbọ́dọ̀ lọ wá mọ́kànlá mìíràn níta. Ariwo tí ẹ ń gbọ́ ní Gbági, ní Dùgbẹ̀ àti ní Bódìjà kò lè sọ bóyá wọ́n mọ olùdíje kan ní Ṣakí, ní Ìgbòho tàbí ní Èrúwà. Àwọn aṣojú ẹgbẹ́ máa ń gbàgbé èyí títí di òru ọjọ́ tí èsì Òkè-Ògùn bá bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Nítorí náà, bí ẹ bá ní ẹbí tàbí oníbàárà tó ń wá láti ìlú wọ̀nyẹn wá ra aṣọ lọ́wọ́ yín, ẹ bi wọ́n léèrè ẹni tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. Ìdáhùn wọn á wúlò fún yín ju pátákó ìpolongo tó wà ní Mọ́kọ́lá lọ.

Bí ó bá ṣẹlẹ̀ pé ẹni tí ìbò rẹ̀ pọ̀ jù kò rí ìdá kan nínú mẹ́rin yẹn ní ìjọba ìbílẹ̀ 22, INEC, ìyẹn àjọ elétò ìdìbò, gbọ́dọ̀ ṣètò ìdìbò mìíràn láàrin ọjọ́ 21, àwọn méjì péré ni yóò sì kù nínú rẹ̀: òun fúnra rẹ̀, àti ẹni tó borí ní ìjọba ìbílẹ̀ tó pọ̀ jù nínú àwọn yòókù. N kò tíì rí i kí ó ṣẹlẹ̀ ní ìpínlẹ̀ wa. Àwọn kan máa ń fi í wé ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ọ̀ṣun lọ́dún 2018, àmọ́ ọ̀tọ̀ ni ìyẹn. Ní Ọ̀ṣun, Adémọ́lá Adélékè ti PDP ní 254,698, Gbóyèga Oyètọ́lá ti APC ní 254,345, ìyàtọ̀ àárín wọn sì jẹ́ 353 péré. Wọ́n ti fagi lé ìbò ní ibùdó méje tí orúkọ àwọn òǹdìbò tó wà níbẹ̀ tó 3,498, iye yìí sì pọ̀ ju ìyàtọ̀ náà lọ, ni INEC bá ní èsì kò tíì pé, wọ́n sì tún ìbò dì ní ibùdó méje yẹn nìkan. Nígbà tí wọ́n parí rẹ̀, Oyètọ́lá ti ní 255,505, Adélékè ní 255,023. Mo mẹ́nu bà á nítorí ohun kan: Ìyíọlá Òmíṣorè ti SDP tó ṣe ipò kẹta ní ìbò tó lé ní 128,000, ẹgbẹ́ ńlá méjèèjì ló sì sáré lọ bá a kí wọ́n tó tún ìbò náà dì. Ẹ jẹ́ kí ìyẹn wà lọ́kàn yín bí a ṣe ń bọ̀ sórí ọ̀rọ̀ ìbò tó ṣòfò.

Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ ọkọ yín, ó sì wà nínú ti ọmọ yín. Ibi tí àwọn méjèèjì kò ti gbọ́ ara wọn yé ni pé iṣẹ́ méjì ni ìbò lè ṣe. Ó lè yan ẹni tí ẹ fẹ́, ó sì lè dí ẹni tí ẹ kò fẹ́ rárá lọ́nà. Ọmọ yín ń sọ ti àkọ́kọ́, ọkọ yín ń sọ ti ìkejì. Kí ẹ tó kúrò nílé lọ́jọ́ ìbò, ẹ mọ èyí tí ẹ fẹ́ lọ ṣe, nítorí ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n ni ó máa ń dé ibẹ̀ tí ọwọ́ rẹ̀ á máa gbọ̀n lórí ìwé.

Ìgbà tí ó bọ́gbọ́n mu kí ẹ fi ẹni tó wù yín sílẹ̀, kí ẹ mú ẹlòmíràn, kò pọ̀ tó bí àwọn olóṣèlú ṣe máa ń pariwo rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ pé nínú àwọn tó lè wọlé, ẹnì kan wà tí ẹ rí i pé bí ó bá débẹ̀, ó máa ba nǹkan jẹ́ fún yín gan-an, kì í kàn ṣe pé ojú rẹ̀ kò wù yín. Ó tún gbọ́dọ̀ jẹ́ pé ìjà náà le láàrin òun àti ẹlòmíràn kan, débi pé ìbò díẹ̀ lè gbé e sí ọ̀tún tàbí òsì. Ó sì gbọ́dọ̀ dá yín lójú pé ẹni tó wù yín ti jìnnà sẹ́yìn àwọn méjèèjì. Bí gbogbo rẹ̀ bá pé, mo gbà pé ọ̀rọ̀ ọkọ yín ló lékè, kò sì sí ìtìjú nínú rẹ̀. A kò ta ẹ̀rí ọkàn wa nítorí pé a fi ìbò dènà ibi. Àmọ́ bí ọ̀kan bá yẹ̀ níbẹ̀, bóyá kò sí ẹni tó bà yín lẹ́rù láàrin àwọn tó wà níwájú, tàbí ẹnì kan ti ta àwọn yòókù yọ pátápátá, kí lẹ fẹ́ fi ẹni tó wù yín sílẹ̀ ṣe? Ẹ tẹ̀ ẹ́ fún un. Ìbò náà kì í lọ lásán. Ní 2015 tí mo sọ yẹn, Ṣèyí Mákindé kò sí lára àwọn méjì àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n àwọn tó dìbò fún un lọ́jọ́ yẹn jẹ́ kí àwọn ẹgbẹ́ mọ̀ pé ó ní èèyàn. Lẹ́yìn ọdún mẹ́rin, òun ni àwọn ẹgbẹ́ alátakò kó ara wọn jọ sẹ́yìn rẹ̀. Kí n má ṣe àbùmọ́ rẹ̀ ṣá o: ìbò SDP yẹn nìkan kọ́ ló gbé e débẹ̀. Ó ti padà sí PDP tí ìgbékalẹ̀ rẹ̀ ti wà ní gbogbo wọ́ọ̀dù, ọ̀pọ̀ olùdíje tó sì ṣe ipò kẹrin tàbí ìkarùn-ún kì í gbérí mọ́ láéláé.

Ìṣòro tó kù ni bí ẹ ṣe máa mọ ẹni tó wà níwájú ní tòótọ́. Ibí yìí ni mo ti fẹ́ kí ẹ ṣọ́ra jù, nítorí a kò ní ìwádìí èrò òǹdìbò tó ṣeé gbọ́kàn lé ní ìpínlẹ̀ wa, èyí tí ẹ sì ń rí tí wọ́n ń pín kiri lórí WhatsApp, àwọn tó fẹ́ wọlé ló ń san owó rẹ̀ nígbà púpọ̀. Èrò níbi ìpolongo náà kì í ṣe ẹ̀rí. Mo rí obìnrin kan rí ní Mápó tó wọ ankara ẹgbẹ́ kan láti òkè délẹ̀, ó sì ká ti ẹgbẹ́ kejì sínú báàgì ọwọ́ rẹ̀ nítorí pé ibòmíràn ló kàn lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, nígbà tí mo rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ọ̀gá, aṣọ ni wọ́n fún mi, wọn kò tíì gba ìbò mi.” Ohun tí mo máa ń wò ni bóyá ẹgbẹ́ kan ní aṣojú tó dúró ṣinṣin ní ibùdó ìdìbò àwọn abúlé, àti bóyá àwọn tó wọlé sípò káńsẹ́lọ̀ àti ilé aṣòfin níbẹ̀ ṣì wà nínú ẹgbẹ́ náà. Ìyẹn náà máa ń tanni jẹ nígbà mìíràn. Nítorí bẹ́ẹ̀, ẹ má tètè fi ẹni tó wù yín sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ó ku ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì sí ìbò kí ẹ tó pinnu irú èyí, nítorí ìgbà yẹn ni àwọn tí kò lágbára máa ń juwọ́ sílẹ̀.

Ẹ sì ṣọ́ra lórí ìjuwọ́sílẹ̀ náà. Ní 2019, nígbà tó ku ọjọ́ díẹ̀ sí ìbò gómìnà, àwọn ẹgbẹ́ bíi ADC, ZLP àti SDP kó ara wọn jọ sẹ́yìn Mákindé, ó sì fi ìbò 515,621 borí Adébáyọ̀ Adélabú ti APC tó ní 357,982. Ṣùgbọ́n INEC ti tẹ ìwé ìdìbò kí àdéhùn yẹn tó wáyé, àmì àwọn ẹgbẹ́ tó juwọ́ sílẹ̀ sì ṣì wà lórí rẹ̀ gbagidi. Ìwé ìdìbò wa kì í ní orúkọ olùdíje tàbí àwòrán rẹ̀. Ìkékúrú orúkọ ẹgbẹ́ àti àmì rẹ̀ nìkan ló ń wà níbẹ̀. Ẹni tó bá tẹ̀ka sí àmì ẹgbẹ́ tó ti juwọ́ sílẹ̀, ẹgbẹ́ yẹn náà ni wọ́n máa kà á fún, kì í ṣe ẹni tí ó ní kí wọ́n dìbò fún. Bí àmì bá ṣe pọ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń kéré tó, tí wọ́n sì ń jọra. Ẹ jẹ́ kí ọmọ yín fi àmì ẹgbẹ́ tí ẹ fẹ́ hàn yín dáadáa nílé. Tí ẹ bá tẹ̀ka tán, ẹ jẹ́ kí tàdáwà gbẹ díẹ̀, kí ẹ sì ká ìwé náà ní òòró kí àmì ìka má baà ta sí ẹgbẹ́ mìíràn. Mo wà níbi tí alákòóso ibùdó kan ti na ìwé kan sókè, tí ìtẹ̀ka náà gun ilà tó pín ẹgbẹ́ méjì níyà, tí àwọn aṣojú ẹgbẹ́ méjèèjì ń pariwo pé tàwọn ni. Ó yí ìwé náà síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún, ó sì gbé e lé orí àwọn ìbò tó bàjẹ́.

Gbogbo èyí tí mo ti ń sọ, ti ìṣirò ni. Bí ẹ ṣe máa mọ ẹni tó yẹ gan-an ló ṣe pàtàkì jù, ibẹ̀ sì ni mo rí i pé àwọn èèyàn kì í fara balẹ̀ sí. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi iṣẹ́ tí gómìnà lè ṣe, nítorí ìdajì ohun tí àwọn olùdíje ń ṣèlérí kò sí níkàáwọ́ wọn. Ẹ mú ọ̀nà tó gba iwájú ọjà yín kọjá. Ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀ ni, ìjọba àpapọ̀ ló ni ín. Olùdíje tó bá dúró ní Gbági tó ní òun á tún títì náà ṣe láàrin ọgọ́rùn-ún ọjọ́, ẹ bi í pé ta ló ni ọ̀nà yìí, àti ibo ni owó rẹ̀ ti máa jáde. Bí ó bá dáhùn pé ti Àbújá ni, pé òun máa kọ̀wé gbàṣẹ, tí ó sì sọ ohun tí òun máa dín kù nínú ìnáwó ìpínlẹ̀ kí ó lè ṣeé ṣe, ó mọ ohun tó ń sọ. Bí ó bá kàn rẹ́rìn-ín, tó ní “ẹ fọkàn balẹ̀, màmá”, ẹ ti gbọ́ ìdáhùn yín. Ọlọ́pàá tó ń gbowó lọ́nà, kọmíṣánnà wọn ń gba àṣẹ láti òkè ní Àbújá, gómìnà kò lè lé e kúrò níṣẹ́. Ilé ìwòsàn UCH jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀, ilé ìwòsàn Adéọ̀yọ́ jẹ́ ti ìpínlẹ̀. Yunifásítì Ìbàdàn jẹ́ ti àpapọ̀, ṣùgbọ́n LAUTECH ní Ògbómọ̀ṣọ́ ti di ti Ọ̀yọ́ nìkan láti ọdún 2020, lẹ́yìn tí a ti ń bá Ọ̀ṣun jìjàdù lé e lórí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní ti iná mànàmáná, àtúnṣe òfin ọdún 2023 ti fún ìpínlẹ̀ láyè láti ṣe òfin tirẹ̀ lórí rẹ̀, nítorí náà olùdíje tó bá ní kò sí ohun tí gómìnà lè ṣe sí i, ọ̀rọ̀ àtijọ́ ló ń sọ.

Ohun tó wà lọ́wọ́ gómìnà gan-an kò kéré o. Òfin ilẹ̀ ti 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ rẹ̀; òun ló ń fọwọ́ sí ìwé ilẹ̀, òun ló sì lè gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ènìyàn nítorí ohun tí gbogbo ìlú máa lò. Owó oṣù olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ gíráámà, owó ìfẹ̀yìntì, àwọn ọ̀nà tó jẹ́ ti ìpínlẹ̀, ilé ìwòsàn rẹ̀, Àmọ̀tẹ́kùn, gbogbo rẹ̀ wà lábẹ́ rẹ̀. Omi náà wà níbẹ̀. Àwọn àgbà Ìbàdàn kò tíì gbàgbé omíyalé Ògùnpa ti ìparí oṣù Kẹjọ ọdún 1980, ó sì tún ya lóṣù Kẹjọ 2011, síbẹ̀ n kì í gbọ́ kí olùdíje sọ bí òun ṣe máa ṣe ti àwọn ilé tó jókòó sójú omi, nítorí pé àwọn onílé náà ní ìbò. Ẹni tó bá lè sọ ọ̀rọ̀ yẹn ní gbangba, tó sọ ibi tí àwọn onílé náà máa lọ, ó ní láti ní ìgboyà díẹ̀. Lórí owó ìjọba ìbílẹ̀, ẹ rántí pé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ti dájọ́ ní oṣù Keje ọdún 2024 pé kí owó tó tọ́ sí wọn láti àpò ìjọba àpapọ̀ máa lọ tààrà sọ́dọ̀ wọn. Ẹ bi olùdíje bóyá yóò jẹ́ kí alága ìjọba ìbílẹ̀ yín ná owó náà tàbí yóò wá ọgbọ́n mìíràn fi gbà á. Bí wọ́n bá ń fi ọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò lórí rédíò, ẹ gbọ́ ọ níbẹ̀, ẹ má fi orin ìpolongo rẹ̀ ṣe òdiwọ̀n. Ẹ sì wo iṣẹ́ tó ti ṣe sẹ́yìn, yálà nínú ìjọba tàbí nínú òwò tirẹ̀, bó ṣe ń sanwó fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ àti bóyá ó máa ń dúró lórí àdéhùn. Ẹni tó bá ní òun máa dáṣọ fúnni, ti ọrùn rẹ̀ là á kọ́kọ́ wò. Ẹ̀yin aláṣọ mọ ìyẹn jù mí lọ. Òṣùwọ̀n yìí kò lè sọ bí ènìyàn ṣe máa rí lẹ́yìn tí agbára bá dé ọwọ́ rẹ̀. Kò sí òṣùwọ̀n tó lè sọ ọ́.

Ẹ wo igbákejì náà. Ìwé kan náà ni wọ́n jọ wà, bí ẹ bá tẹ̀ka fún ọ̀kan, ẹ ti tẹ̀ ẹ́ fún èkejì.

Ẹ kò béèrè nípa ti àgbègbè, àmọ́ ó dájú pé wọ́n ti ń sọ ọ́ fún yín lọ́jà. Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ Ọ̀ṣun kúrò lára wa ní 1991, Ìbàdàn ni gbogbo gómìnà tí a dìbò yàn ti wá, àfi Àlàó-Akálà tó jẹ́ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́. Òkè-Ògùn, Ọ̀yọ́ àti Ìbàràpá kò tíì ṣe é rí. Ẹ̀dùn ọkàn wọn tọ́, mo sì rò pé bí olùdíje méjì bá fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba lójú yín, kò burú kí ẹ jẹ́ kí ìyẹn mú ọ̀kan wúwo. Bí wọn kò bá dọ́gba, n kò ní gbà yín nímọ̀ràn kí ẹ fi ìlú tí ènìyàn ti wá rọ́pò ohun tó lè ṣe, yálà ìlú náà ni tiyín tàbí tẹlòmíràn.

Ní ti ẹgbẹ́ ọlọ́jà yín, ẹ má jẹ́ kí ó bà yín lẹ́rù. Ibi tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ti forúkọ sílẹ̀ ni yóò ti dìbò, ìyẹn sì sábà máa ń jẹ́ àdúgbò tó ń gbé. Lọ́jọ́ ìbò, ọjà máa tì, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ yín á sì túká sí Mọ́níyà, sí Olódó, sí Ọ̀jọ́ọ̀ àti Mọ́lété. Ohun tí wọ́n máa ń lẹ̀ mọ́ ara ògiri ní ibùdó ìdìbò ni iye ìbò tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni lè ka ìyẹn, ṣùgbọ́n kò sí orúkọ òǹdìbò kankan lára rẹ̀, ẹ̀rọ BVAS tó ń yẹ ìka àti ojú yín wò náà kò mọ ibi tí ẹ tẹ̀ka sí. Ọ̀nà kan ṣoṣo tí wọ́n fi lè mọ̀ ni kí ẹ̀yin fúnra yín fi hàn wọ́n, bóyá kí ẹ na ìwé sókè kí aṣojú wọn rí i, tàbí kí ẹ fi fóònù ya àwòrán rẹ̀. INEC kò gbà kí a mú fóònù wọ ibi tí a ti ń tẹ̀ka, nítorí náà bí ẹnì kan bá ní kí ẹ mú àwòrán wá, ẹ ní wọ́n gba fóònù lọ́wọ́ yín. Bí wọ́n bá sì gbé owó wá, ìyẹn ti di “dìbò kí o sebẹ̀”, ẹ̀ṣẹ̀ ni lábẹ́ òfin fún ẹni tó fúnni àti ẹni tó gbà á. Mo mọ̀ pé ebi ń pa àwọn kan tó ń gbà á, n kò sì ní jókòó níbi tí mo wà kí n máa pè wọ́n ní ọ̀dàlẹ̀. Ohun tí mo máa sọ fún yín ni pé ẹ lè bá ẹgbẹ́ ṣèpàdé, kí ẹ bá wọn jó, kí ẹ wọ ankara wọn pàápàá, kí ẹ sì tẹ̀ka síbi tó bá wù yín láìbá ẹnikẹ́ni jà.

Ìbéèrè yín tó gbẹ̀yìn ló rọrùn jù. Kò pọn dandan. Ìwé méjì ni wọn yóò fún yín lọ́jọ́ kan náà, ọ̀kan fún gómìnà, ọ̀kan fún aṣojú ẹkùn yín nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀, ẹ sì lè tẹ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Àwọn ará ìpínlẹ̀ wa mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é: ní oṣù Kejì ọdún 2023, APC ló borí ìbò ààrẹ ní Ọ̀yọ́, kò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ, PDP fi 563,756 gba ti gómìnà, APC ní 256,685. Ohun tí màá fẹ́ kí ẹ rò ni pé ilé aṣòfin náà ní agbára tirẹ̀ lórí gómìnà tí ẹ bá yàn. Àwọn 32 ló wà níbẹ̀, àwọn ló ń fọwọ́ sí ètò ìnáwó rẹ̀, àwọn náà ló sì lè yọ ọ́. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2006, àwọn 18 nínú wọn kóra jọ sí hòtẹ́ẹ̀lì kan nílùú yìí, wọ́n ní àwọn ti yọ Gómìnà Ládọjà, igbákejì rẹ̀ Àlàó-Akálà sì gorí àléfà fún oṣù mọ́kànlá kí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ tó sọ ní oṣù Kejìlá pé àwọn tó yọ ọ́ kò tó ìdá méjì nínú mẹ́ta, kí wọ́n dá a padà sí ipò rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ kí ẹnì kan máa dá gómìnà yín lọ́wọ́ kọ́, ẹ yan aṣòfin láti ẹgbẹ́ mìíràn. Bí ẹ bá fẹ́ kí iṣẹ́ rẹ̀ yára, ẹ yan ti ẹgbẹ́ rẹ̀. Èmi máa ń kọ́kọ́ wo ẹni tó ń díje fún ẹkùn náà, bóyá ó ń gbé láàrin wa, bóyá nọ́ńbà fóònù rẹ̀ á ṣì máa lọ lẹ́yìn ìbò, kí n tó wo àmì ẹgbẹ́ rẹ̀.